Ṣé àyè wà fún àkọ́díọ̀nù láàárín gìtá oníná méjì?

Ìbéèrè tó dé rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ àkọ́díọ̀nù onípíánò, ọ̀kan tó ní bọ́tìnì béèsì 120. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì sílẹ̀, onígìtá méjì, onígìtá béèsì kan àti onílù, wọ́n sì ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ àwọn. A ti jọ ṣe ìdánrawò ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí mò ń tẹ̀. Tí wọ́n bá sì ṣí máìkì mi sókè, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í han, á máa ké fíì. Onígìtá kan ní ohùn mi ò bá tàwọn mu. Onígìtá béèsì ní mò ń bo òun mọ́lẹ̀. Ẹnì kan wá gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ta á, kí n ra èyí tó ń lo iná. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àbí àkọ́díọ̀nù ò tiẹ̀ bá rọ́ọ̀kì lọ rárá?"

Ẹ má tíì tà á. Ẹjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ dì pọ̀ sínú ẹrù kan: ti onígìtá béèsì, ti ohùn tí kò bára mu, àti ti máìkì tó ń han. Ti máìkì ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ bá, nítorí òun ni owó lè yanjú kíákíá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Tí ẹ bá ra máìkì olówó gọbọi lónìí láìtíì yanjú méjì tó kù, ìjà tí ẹ ń bá wọn jà yẹn náà lẹ ó máa jà, ariwo rẹ̀ ló kàn máa pọ̀ sí i.

Kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kúrò nílẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, Garth Hudson tẹ àkọ́díọ̀nù nínú The Band, James Fearnley tẹ̀ ẹ́ nínú The Pogues, John Linnell nínú They Might Be Giants, Régine Chassagne nínú Arcade Fire. David Hidalgo ti Los Lobos a máa gbé gìtá sílẹ̀, a sì gbé àkọ́díọ̀nù kọ́rùn. Kódà Krist Novoselic tó ń ta gìtá béèsì fún Nirvana gbé e kọ́rùn fún orin kan, nígbà tí wọ́n ń gba eré tí wọ́n ṣe fún MTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn orin, sílẹ̀ ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé kò bá rọ́ọ̀kì lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Òmíràn tó jọ ọ́ ni pé àkọ́díọ̀nù ò lóhùn. Ẹni tó bá ti jókòó ti àkọ́díọ̀nù ńlá nínú yàrá kékeré mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó máa ń bo ẹni tó ń kọrin láìsí máìkì. Ohun tó fà á tí ẹ ò fi gbọ́ ara yín ni pé inú agbami ohùn kan náà tí gìtá méjèèjì wà lẹ wà. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohùn tó jọra, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìkankan, bí wọ́n tiẹ̀ ń pariwo.

Ọwọ́ òsì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì 120 yẹn wà ní ìlà mẹ́fà, ogún bọ́tìnì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjì tó sún mọ́ ẹwìrì (àpò afẹ́fẹ́ àárín tí ẹ ń fà tí ẹ ń tì) jù lọ jẹ́ ti béèsì. Mẹ́rin yòókù jẹ́ ti kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀: méjọ̀, máínọ̀, sẹ́fúǹtì àti dìmíníṣì. Ẹni tó máa dá nìkan tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ fún, ẹni kan ṣoṣo tó fẹ́ jẹ́ onígìtá, onígìtá béèsì àti onílù pa pọ̀. Nínú ẹgbẹ́ yín, àwọn mẹ́ta yẹn ti wà níbẹ̀ lójúkojú. Bọ́tìnì béèsì kan kì í sì í dún ní ohùn kan. Nínú àkọ́díọ̀nù tó tó tiyín, ahọ́n irin (irin pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń mú dún) mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń dún pọ̀ lábẹ́ ìka kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń pe dò, àmọ́ ọ̀kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, òmíràn wà lágbedeméjì, òmíràn lókè. Ẹ wá wo onígìtá béèsì tó fara balẹ̀ yan ohùn kan, tó sì rọra ń rìn láti ibẹ̀ lọ sí òmíràn: ohùn marùn-ún lẹ dà lé e lórí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ń tẹ dò nígbà tí òun ti kọjá sí mì, kọ́ọ̀dù tó fẹ́ kọ́ ti wó nìyẹn. Òótọ́ ló sọ.

Bọ́tìnì kọ́ọ̀dù tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú rọ́ọ̀kì. Ohùn mẹ́ta tó fún pọ̀ ló máa ń dún níbẹ̀, àárín gbùngbùn ibi tí gìtá ń gbé ló sì máa ń bọ́ sí. Ẹ ò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta náà, ẹ ò sì lè gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe kàn án mọ́ra nílé iṣẹ́ ló máa dún títí ayé. Onígìtá rọ́ọ̀kì, ní tirẹ̀, sábà máa ń yọ mì kúrò nínú kọ́ọ̀dù rẹ̀, á fi dò àti sò nìkan sílẹ̀, torí tí dísitọ́ṣọ̀n (ohun tó ń mú ohùn gìtá ha) bá ti wọ̀ ọ́, mì máa ń dọ̀tí. Ìdí ẹ̀ rèé: nínú bí a ṣe ń to ohùn píánò, gìtá àti àkọ́díọ̀nù, mì ti méjọ̀ fi bíi sẹ́ǹtì 14 ga ju ibi tí yóò ti dún gaara pẹ̀lú dò. (Sẹ́ǹtì ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo tó wà láàárín E àti F.) Etí wa máa ń fojú fo ìyẹn nínú gìtá tí ohùn rẹ̀ mọ́. Dísitọ́ṣọ̀n kì í fojú fò ó. Ńṣe ló máa ń bí ohùn mìíràn láàárín méjèèjì, ohùn tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé ìka ọwọ́ òsì kúrò lórí bọ́tìnì. Kì í ṣe títí láé o. Tí onígìtá béèsì bá dákẹ́, bóyá níbẹ̀rẹ̀ orin tàbí nígbà tí akọrin ń dá kọ, ẹ lè wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì máa ń dùn gan-an torí etí ò tíì gbọ́ ọ látàárọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe bíi ti onígìtá, ẹ ti ní kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì lábẹ́ ọwọ́ láìmọ̀: ẹ wá C nínú ìlà kejì sí ẹwìrì, èyí tí wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀ wọnú tàbí tí wọ́n lẹ òkúta dídán mọ́, kí ìka àárín wà lórí rẹ̀, kí ìka ìfábẹ̀lá wà lórí bọ́tìnì tó tẹ̀ lé e lápá ọ̀nà àgbọ̀n yín. G nìyẹn, òun ni sò bí C bá jẹ́ dò. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀. Kò sí mì nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa bá dísitọ́ṣọ̀n jà. Bí ìka méjèèjì bá ti mọ àyè wọn, ibi yòówù tí ẹ bá gbé wọn lọ lórí ìlà náà, kọ́ọ̀dù náà ni.

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pa ọwọ́ òsì tì: ẹwìrì á di aláìlẹ́ni. Ìka ò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ náà ni èémí gbogbo ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń sọ. Ẹ máa yí ẹwìrì padà níbi tí akọrin bá ti máa mí, kì í ṣe láàárín ohùn gígùn. Ẹ fi bọ́tìnì afẹ́fẹ́ ṣí i díẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má bàa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹwìrì tó pa dé tí kò sí ibi tí ẹ lè tì í sí.

Ọwọ́ ọ̀tún wá kù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gidi wà. Ohun tí àkọ́díọ̀nù ní tí gìtá ò ní ni pé ohùn rẹ̀ kì í kú. Okùn gìtá, bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í relé nìyẹn. Ohùn àkọ́díọ̀nù lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo, kó máa wú, kó máa wú, títí tó fi kún gbogbo ilé, kó tó tún rọlẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo tí ẹ fà fún ìlà orin méjì lókè orí gìtá máa ń ṣe ju kọ́ọ̀dù oníka mẹ́rin lọ. Ẹ gbé ọwọ́ sókè lórí kíì, bíi láti àárín lọ sí òkè, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún gìtá. Ẹ tẹ ohùn kan, ó pọ̀ jù méjì. Níbi tí akọrin bá ti ń kọrin, ẹ dákẹ́ tàbí kí ẹ di ohùn gígùn kan mú. Níbi tó bá ti sinmi, ẹ fún un lésì kúkúrú. Tí orin bá sì fẹ́ kíkankíkan, ẹ gbọn ẹwìrì: kí ọwọ́ òsì máa fà kó máa tì kíákíá bí ìka ṣe dúró lójú kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ìlù kan. Ó dà bí ìgbà tí gìtá ń fi ìyára họ okùn, onílù á sì fẹ́ràn yín fún un. Apá máa ń ro ni lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fi agídí ṣe é ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lójúmọ́.

Suwíìṣì ohùn (èyí tó ń yan irú ohùn tí kíì máa mú jáde) tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ wo àmì orí rẹ̀: róbótó kan tí wọ́n fi ìlà méjì gé sí àjà mẹ́ta, tí wọ́n wá tò àmì kékeré dúdú sínú rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ní àjà àárín ni ohùn tó mọ́ jù lọ, èyí tó bá kíì tí ẹ tẹ̀ ṣe déédéé. Àmì kan ní àjà ìsàlẹ̀, ohùn yẹn wà nísàlẹ̀ sí i, ó máa ń dún bí èèyàn tó ń kùn, ó sì wọ orin tó rọra ń lọ. Àmì kan lókè àti kan láàárín máa ń gé ariwo gìtá bí ọ̀bẹ. Èyí tí àmì rẹ̀ kún gbogbo àjà, èyí tí ẹ ti mọ́ lára láti ilé torí pé ó ń mú ẹni tó ń dá tẹ̀ dà bí èèyàn mẹ́wàá, ni kí ẹ fi pa mọ́ fún ìparí orin. Èyí tó sì ní àmì méjì tàbí mẹ́ta ní àjà àárín nìkan ló gbé wa dé ẹjọ́ kejì.

Onígìtá yẹn ní ohùn yín ò bá tàwọn mu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe àkọ́díọ̀nù yín, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Níbi àmì méjì ní àárín, ahọ́n irin méjì ló ń dún fún kíì kan, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ kí ohùn lè máa gbọ̀n. Tí ó bá fi sẹ́ǹtì 15 ga lórí A 440 (A tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ohùn náà máa gbọ̀n bí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ẹ bá dá wà, ó dùn. Láàárín gìtá méjì tí dísitọ́ṣọ̀n wà lórí wọn, ó ń dún bí ẹni tí kò mọ ohùn tó yẹ kó dì mú. Ẹ fi suwíìṣì yẹn sílẹ̀ títí orin kan á fi bẹ̀ yín fún un.

Tí ẹ bá bọ́ sí ohùn aláàmì kan tó sì ṣì ń yà bàrá, ẹ wọn ọ́n. Ẹ gba túnà gìtá (ẹ̀rọ tó ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), ẹ yan suwíìṣì aláàmì kan láàárín, ẹ tẹ A tó wà lókè C àárín, kí ẹ fa ẹwìrì jẹ́jẹ́ títí abẹ́rẹ́ á fi dúró. Lẹ́yìn náà ẹ ti ẹwìrì, kí ẹ tún wò ó. Ahọ́n irin tó ń dún nígbà tí ẹ ń fà, òun kọ́ ló ń dún nígbà tí ẹ ń tì, kíì kọ̀ọ̀kan ní ti fífà, ó sì ní ti títì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún C, E àti G, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fi nǹkan bí sẹ́ǹtì mẹ́jọ ga, àkọ́díọ̀nù yín dára, 442 ni wọ́n tò ó sí, bíi ti ọ̀pọ̀ àkọ́díọ̀nù tó ti Ítálì wá, nígbà tí gìtá wà ní 440. Àkọ́díọ̀nù ò ní yí nítorí gìtá. Nínú èyí tí kíì kan ní ahọ́n mẹ́rin fún fífà àti mẹ́rin fún títì, tí kíì rẹ̀ jẹ́ 41, ahọ́n 328 ló wà lápá ọ̀tún nìkan, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń fá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn mẹ́fà ni ti gìtá. Kí àwọn onígìtá àti oníbéèsì yí túnà wọn sí 442, kí wọ́n wá to okùn wọn. Ìṣẹ́jú méjì ni. Kíbọọ̀dù náà ní ibi tí wọ́n ti ń yí i. Ibi tí èyí ò ti ṣeé ṣe ni tí ẹgbẹ́ yín bá ń lo ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní 440. Nígbà náà, ó di dandan kí ẹni tó ń tún àkọ́díọ̀nù ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í kéré.

Tó bá jẹ́ pé kíì kan ga, èkejì rẹlẹ̀, tàbí fífà àti títì kíì kan náà fi ju sẹ́ǹtì mẹ́rin tàbí márùn-ún yàtọ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ onígìtá, ẹ gbé e lọ fún alátùn-únṣe. Ẹ sì tún bi àwọn onígìtá léèrè bóyá wọ́n ti sọ okùn wọn kalẹ̀ ní ìdajì ohùn, bí ọ̀pọ̀ onírọ́ọ̀kì ṣe máa ń ṣe. Tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, "E" tí wọ́n ń pè, E♭ ló ń jáde. Ẹ̀yin ń tẹ E gidi, gbogbo ayé á sì máa wo àkọ́díọ̀nù bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun mìíràn tó máa ń fa kí ohùn rẹlẹ̀ ni agbára. Tí ẹ ò bá gbọ́ ara yín, ẹ ó máa fa ẹwìrì bí ẹni ń já okùn, ahọ́n irin, pàápàá àwọn ti ìsàlẹ̀, á sì máa wọlẹ̀ lábẹ́ afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè sán. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ gbígbọ́ ara ẹni kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga.

Ó wá kan máìkì. Sípíkà máa ń han nígbà tí ohùn tó ti inú rẹ̀ jáde bá padà wọ máìkì lágbára tó ohùn tó kọ́kọ́ wọlé. Ohun méjì ló lè dá a dúró: kí ohùn àkọ́díọ̀nù tó ń wọ máìkì pọ̀ sí i, tàbí kí ti sípíkà dín kù. Ní ti àkọ́kọ́, bí ẹ bá ti dín àlàfo láàárín máìkì àti àkọ́díọ̀nù sí ìdajì, ẹ ti jèrè nǹkan bí dB (ìwọ̀n agbára ohùn) mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́. Máìkì orí igi tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí yín, tí ẹ gbé wá sí 20, ti ṣe iṣẹ́ tí yíyí bọ́tìnì ò lè ṣe. Àmọ́ tí ẹ bá sún un dé 10, kíì tó wà lọ́gangan rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́, pẹ̀lú kò-kò-kò tí kíì ń ṣe bó ṣe ń padà sáyè. Ẹ tún rántí pé rọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kí èèyàn dúró sójú kan; bí ẹ bá yí èjìká báyìí, ohùn ti lọ.

Ohun tó máa ń tán ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni máìkì inú: kọ̀ńdẹ́ńsà kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tò sábẹ́ asẹ́ apá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wáyà wọn á pàdé nínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì, wáyà kan ṣoṣo á wá jáde. Ẹ wá èyí tí bọ́tìnì ìdíwọ̀n ohùn ọ̀tún àti ti òsì bá yàtọ̀ síra. Nígbà tí ẹ ti gbé ọwọ́ òsì sílẹ̀, ẹ yí ti òsì dé òdo, torí kò sí ohun tí máìkì yẹn ń gbé wọlé ju ìlù àti gìtá béèsì lọ. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara pákó bíi ti gìtá. Afẹ́fẹ́ ni ohùn àkọ́díọ̀nù ń bá rìn. Ara pákó kò mọ̀ ju bí ìka ṣe ń lù ú lọ.

Lórí míksà, ẹ ní kí wọ́n gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 150 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan). Kíì tó kéré jù lórí oníkíì 41 ni F, ó sì wà ní nǹkan bí 175 Hz lórí ohùn aláàmì àárín, nítorí náà ẹ ò pàdánù ohunkóhun. Tí ẹ bá máa lo ohùn aláàmì ìsàlẹ̀, F kan náà á bọ́ sí 87 Hz, kí wọ́n gé e ní 80 dípò bẹ́ẹ̀. Láàárín 250 sí 400 Hz, kí wọ́n dín in díẹ̀, ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n wá ṣí ohùn yín sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í han, kí wọ́n wá ibi tó ti ń han, kí wọ́n gé ibẹ̀ nìkan ní dB mẹ́ta sí mẹ́fà, kí wọ́n tún ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta tó. Bí ibi tí wọ́n ń gé bá ti di márùn-ún, wọ́n ti ń gé àkọ́díọ̀nù fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ dúró sí ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ẹ má dúró síwájú páànù onílù, àwo irin tó ń lù yẹn. Ẹ wo ańpílífáyà àwọn onígìtá: bó bá wà nílẹ̀, tó ń fẹ́ sí wọn ní ojúgun, wọn ò lè gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí i sókè. Ẹ gbé e sórí àga tàbí kí ẹ dà á ṣe gẹ̀rẹ̀ kí ó kọjú sí etí wọn, ẹ máa rí i pé àwọn fúnra wọn máa dín in kù. Sípíkà tó wà nílẹ̀ níwájú yín, ọ̀tá máìkì inú ni, torí ibi gbogbo ni kọ̀ńdẹ́ńsà kéékèèké yẹn ti ń gbọ́ràn. Íyàfóònù inú etí ló dára jù fún yín. Kódà bí etí kan ṣoṣo lẹ bá fi sí, ẹ ó jáwọ́ nínú fífa ẹwìrì tìjàtìjà. Ní ti pẹ́dà, èyí tó ń dín ohùn kù tó ń fi kún un ni mo kọ́kọ́ máa rà, kí ẹ lè pa ohùn mọ́ nígbà tí ẹ ò bá tẹ nǹkan. Díléè àti rìfáàbù, tó ń mú kí ohùn máa dún padà, máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Dísitọ́ṣọ̀n ṣeé ṣe, àmọ́ ó máa ń fa gbogbo ohùn kéékèèké sókè, híhan náà á sì wá pẹ̀lú rẹ̀. Díẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sì máa tẹ ohùn kan lẹ́ẹ̀kan.

Àkọ́díọ̀nù tó tó tiyín sábà máa ń wọn kílógíráàmù 10 sí 12. Tí ẹ bá máa dúró fún wákàtí kan, ẹ so bẹ́líìtì ẹ̀yìn tó ń mú bẹ́líìtì èjìká méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì fún tòsì kúrú díẹ̀ ju tọ̀tún lọ kí kíì má bàa yọ̀ lọ sábẹ́ abíyá. Ẹ má gbé e sábẹ́ iná ìtàgé tó ń jóni, tàbí sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn: ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ oje igi ló di ahọ́n irin mú, ìda oyin sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64 °C, ó ti máa ń rọ̀ kó tó débẹ̀. Ahọ́n tó bá yẹ̀ lójú ìda rẹ̀ ò ní dún mọ́ títí wọ́n á fi tú u.

Èyí tó ń lo iná wá ń kọ́? Kì í ṣe ẹ̀tàn. Roland gbé V-Accordion wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2004, ẹwìrì wà lára rẹ̀ tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń fà, kò sì sí ahọ́n irin kankan nínú rẹ̀. Kò nílò máìkì, nítorí náà kì í han. Ẹ lè tò ó sí 440, ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn nígbà tí àwọn onígìtá bá sọ tiwọn, ẹ lè fi dún bí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì fún orin kan, kí ẹ fi ṣe ìdánrawò lóru láìjí aládùúgbò. Ẹgbẹ́ tó ń dún kíkankíkan tó ń rìnrìn àjò lọ́pọ̀ ìgbà, tó jẹ́ pé ẹni ọ̀tọ̀ ló ń wà nídìí míksà lójoojúmọ́, máa jàǹfààní rẹ̀ gan-an. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni bí ahọ́n irin ṣe ń lọ́ra kó tó dún lábẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, àti bí igi rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n mọ́ àyà. Àwọn òǹwòran lè má mọ̀. Ẹ̀yin á mọ̀. Tí bátìrì bá kú láàárín orin, ohùn parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ wíwúwo ni ìṣòro yín ju híhan lọ, àkọ́díọ̀nù kékeré oníbéèsì 48 tí máìkì inú wà lára rẹ̀ máa ná yín ní owó tó kéré sí i, ó sì tó fún ohun tí ọwọ́ ọ̀tún máa ṣe nínú rọ́ọ̀kì.

Mi ò lè gbọ́ àkọ́díọ̀nù yín láti ibi tí mo wà, ẹni tó bá sì ní òun lè sọ ohun tó ṣe ahọ́n irin láìṣí i wò, ẹ má dá a lóhùn. Nítorí náà, ní ìdánrawò tó ń bọ̀, ẹ mú orin kan ṣoṣo. Kí gbogbo yín fi túnà sí nọ́ńbà kan náà, ọwọ́ òsì kúrò, suwíìṣì aláàmì kan láàárín, ohùn méjì ó pọ̀ jù, kí ańpílífáyà rọlẹ̀ débi tí ẹ fi lè gbọ́ akọrin láìsí máìkì. Bí onígìtá bá ṣì ní ohùn ò bára mu, alátùn-únṣe lẹ fẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dùn, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tún ṣí i sókè ni sípíkà tó ń han, owó máìkì inú lẹ máa wá. Tí ẹ bá ti fi máìkì inú àti íyàfóònù sí i, tó sì ṣì ń han lórí ìtàgé lẹ́yìn eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìgbà náà ni kí ẹ lọ dán èyí tó ń lo iná wò, kí ẹ sì gbé onígìtá béèsì yẹn dání kó bá yín gbọ́ ọ.